Òdo tó dín ọ̀kan: ohun tó wà nínú 18,446,744,073,709,551,615

Àbúrò mi obìnrin ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta omi àti ohun mímu inú páálí. Lọ́jọ́ kan, ẹni tó bá a já ọjà gbàgbé láti kọ páálí omi kan sílẹ̀. Páálí náà wà nílẹ̀ gedegbe, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ń sọ pé omi ti tán. Oníbàárà dé, àbúrò mi ta páálí náà fún un, ó sì tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà pé òun ti ta ọ̀kan. Nígbà tó gbójú sókè, ohun tó rí níbi iye páálí tó kù nìyí:

18,446,744,073,709,551,615

Ó pè mí lórí fóònù. "Bọ̀dá mi, ẹ gbà mí o. Ta ló já omi tó tó báyìí sí ṣọ́ọ̀bù mi?"

Ẹ̀rín pa mí, nítorí mo mọ nọ́ńbà yẹn. Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà á ti pàdé rẹ̀ rí. Kọ̀ǹpútà ò sọ ìsọkúsọ: òdo ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó yọ ọ̀kan kúrò, ohun tó rí kọ nìyẹn. Èyí tó wá dùn mọ́ mi jù ni pé, bí nọ́ńbà yìí ṣe gùn tó, bírò àti ìwé nìkan la nílò láti tú u palẹ̀, ká mọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ aládùúgbò rẹ̀ kan wà, tó fi méjì péré jù ú lọ, tí àwọn ọ̀mọ̀wé wò fún ohun tó lé ní igba ọdún kí ẹnikẹ́ni tó rí ibi tó ti ṣeé là.

Ká kọ́kọ́ mọ bó ṣe tóbi tó. Mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù, kí a kó irú rẹ̀ jọ ní ìlọ́po 18, kó tún lé díẹ̀. Tí a bá fẹ́ fi òǹkà owó ẹyọ àwọn baba wa sọ ọ́, níbi tí ọ̀kẹ́ kan ti jẹ́ 20,000, a jẹ́ pé ọ̀kẹ́ lọ́nà ọ̀kẹ́ lọ́nà ọ̀kẹ́ lọ́nà ọ̀kẹ́, ká wá kó irú rẹ̀ jọ lọ́nà 115. Bọ́jẹ́ẹ̀tì ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fún ọdún 2025 tó nǹkan bíi tírílíọ̀nù 55 náírà. Bí nọ́ńbà yìí bá jẹ́ náírà, ó máa gbé irú bọ́jẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ fún ohun tó lé ní 300,000 ọdún. Ẹni tó bá sì ń kà á ní oókan, oókan, tí kò sùn tí kò jẹun, tó ń ka ẹyọ kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, yóò lo nǹkan bíi bílíọ̀nù 584 ọdún. Àgbáyé látòkèdélẹ̀, pẹ̀lú oòrùn àti ìràwọ̀ rẹ̀, kò tíì pé bílíọ̀nù 14 ọdún.

Àmọ́ títóbi nìkan kì í ṣe ìwà. Kí la wá mọ̀ nípa ìwà rẹ̀?

Ojú ọ̀pẹ̀lẹ̀ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta

Ẹ jẹ́ kí n yá ọ̀pẹ̀lẹ̀ lò. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní ojú mẹ́jọ, mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì. Bí babaláwo bá gbé e sánlẹ̀, ojú kọ̀ọ̀kan lè ṣí, ó sì lè dé. Ojú kan, ọ̀nà méjì. Ojú méjì, ọ̀nà mẹ́rin. Ojú mẹ́ta, ọ̀nà mẹ́jọ. Bẹ́ẹ̀ la ó máa sọ ọ́ di ìlọ́po méjì títí tí ojú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ yóò fi pé, tí yóò sì fún wa ní 256. Ìdí tí Odù Ifá fi jẹ́ 256 nìyẹn, kò dín, kò lé.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kọ̀ǹpútà ṣe ń kọ nọ́ńbà. Nínú rẹ̀, kìkì ohun tó ṣí àti ohun tó dé ló wà. Ojú mẹ́jọ ni wọ́n ń dì pọ̀ sí ẹyọ kan, tí ẹyọ náà sì lè gba oríṣi 256. Kọ̀ǹpútà òde òní wá ń di ẹyọ mẹ́jọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ láti kọ nọ́ńbà kan: ojú 64 lápapọ̀. Ká sọ pé babaláwo gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ sánlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹjọ léraléra, tí a sì ń kọ Odù tó bá yọ sílẹ̀ tẹ̀ léra. Iye ọ̀nà tí àkọsílẹ̀ wa lè gbà yàtọ̀ síra jẹ́ 2 lọ́nà 2 lọ́nà 2, títí 2 yóò fi pé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Àwọn oníṣirò ń kọ ọ́ báyìí: 2⁶⁴. Iye rẹ̀ ni 18,446,744,073,709,551,616.

Ẹ wo ìparí rẹ̀ dáadáa. 616 ni, kì í ṣe 615. Nítorí pé òdo ni kọ̀ǹpútà ti bẹ̀rẹ̀ òǹkà rẹ̀ (gbogbo ojú dé), èyí tó kẹ́yìn (gbogbo ojú ṣí) á jẹ́ 2⁶⁴ ó dín ọ̀kan. Bí a bá ní kí ojú tó ṣí dúró fún àmì kan ṣoṣo, bí àwọn babaláwo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ sórí ọpọ́n, a jẹ́ pé Èjì Ogbè lẹ́ẹ̀mẹjọ léra wọn ni nọ́ńbà tí àbúrò mi rí. Èjì Ogbè tó jẹ́ àgbà Odù ni kọ̀ǹpútà wá fi sí ìkẹyìn. Babaláwo kì í fi ọ̀pẹ̀lẹ̀ ṣe àròpọ̀ o. Èmi ni mo yá a lò, mo sì máa dá a padà.

Ọgbọ́n ọlọ́sàn

Nínú kíkà Yorùbá, a kì í bẹ̀rù àyọkúrò. A kì í pe 19 ní ẹ̀wá àti ẹ̀sán, mọ́kàndínlógún la ń pè é: ogún tó dín ọ̀kan. 45 ni àádọ́ta tó dín márùn-ún, bẹ́ẹ̀ àádọ́ta fúnra rẹ̀ jẹ́ ọgọ́ta tó dín mẹ́wàá. Etí tó ti mọ́ irú òǹkà yìí ni nọ́ńbà tiwa fẹ́. Ẹni tó bá ń wo ẹyọ ogún tó tò lọ gbọọrọ, 18,446,744 títí dé òpin, kò lè rí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọ bíi 2⁶⁴ ó dín ọ̀kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rí gbogbo rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ ọlọ́sàn. Ó to ọsàn sílẹ̀ ní ìlà ogún, ogún ọsàn ló wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Irínwó ọsàn nìyẹn. Ọmọ kan kọjá, ó mú ẹyọ kan lára ìlà tó kẹ́yìn. Irínwó ó dín ọ̀kan ló kù. Ìlà tó kẹ́yìn ti di mọ́kàndínlógún, ojú sì ń ti ọlọ́sàn nítorí àtòpọ̀ rẹ̀ kò gún mọ́. Kí ló ṣe? Ó kó ọsàn mọ́kàndínlógún tó ṣẹ́kù lórí ìlà yẹn, ó pín in fún ìlà mọ́kàndínlógún tó kù, ẹyọ kan fún ìlà kan. Àtòpọ̀ tún gún padà: ìlà mọ́kàndínlógún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọsàn mọ́kànlélógún.

Irínwó ó dín ọ̀kan jẹ́ 19 lọ́nà 21 nìyẹn. A kò ṣe ìsọdipúpọ̀ kankan kí a tó mọ̀ ọ́n. Bí ìlà bá sì jẹ́ ọgọ́rùn-ún, tí ọsàn orí ìlà kọ̀ọ̀kan náà jẹ́ ọgọ́rùn-ún, nǹkan kan náà ló máa ṣẹlẹ̀: 9,999 jẹ́ 99 lọ́nà 101. Nǹkan méjì péré la nílò: kí iye ìlà àti iye ọsàn orí ìlà dọ́gba, kí ọ̀kan sì dín.

2⁶⁴ pé bẹ́ẹ̀. Ìlà 4,294,967,296 ni, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 4,294,967,296 (ìyẹn 2³² lọ́nà 2³²). Yọ ọ̀kan, kí o pín ìlà tó kẹ́yìn:

4,294,967,295 lọ́nà 4,294,967,297.

Ibi tó ti wá dùn nìyí. Èyí tó wà lápá òsì tún jẹ́ nọ́ńbà tó dín ọ̀kan, nítorí 2³² jẹ́ 65,536 lọ́nà 65,536. Ọlọ́sàn tún pín in: 65,535 lọ́nà 65,537. 65,535 náà tún dín ọ̀kan, ó di 255 lọ́nà 257. 255 di 15 lọ́nà 17. 15 di 3 lọ́nà 5. 3 di 1 lọ́nà 3, ọsàn sì tán nílẹ̀. Ní ìgbésẹ̀ mẹ́fà, nọ́ńbà tó ní ẹyọ ogún ti já sí wẹ́wẹ́:

3 × 5 × 17 × 257 × 65,537 × 4,294,967,297

Bí ẹ bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò díẹ̀, ẹ wo ìparí nọ́ńbà náà: 5 ni, nítorí náà 5 wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Ẹ ro gbogbo ẹyọ ogún rẹ̀ pọ̀, 1 àti 8 àti 4 títí dé òpin. Yóò jẹ́ 87. 87 ṣeé pín sí mẹ́ta, nítorí náà nọ́ńbà ńlá náà ṣeé pín sí mẹ́ta. 87 kò ṣeé pín sí mẹ́sàn-án, nítorí náà 3 kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ẹ má gbára lé ẹ̀rọ ìṣirò orí fóònù yín fún ìyókù o. Púpọ̀ nínú wọn a máa gé ìparí nọ́ńbà tó bá gùn tó báyìí dànù láì sọ fún yín.

Àṣìṣe adájọ́ Faransé

Márùn-ún àkọ́kọ́ nínú mẹ́fà yẹn, 3, 5, 17, 257 àti 65,537, kò ṣeé là mọ́. Kò sí nọ́ńbà kankan tó lè pín wọn dọ́gba àfi 1 àti àwọn fúnra wọn. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni wọ́n ń pe irú wọn nínú ìwé. Nọ́ńbà tí kò ṣeé là ni èmi máa ń pè é, ìyẹn ló yé mi jù. Ẹ̀kẹfà ńkọ́, 4,294,967,297?

Pierre de Fermat, adájọ́ ní Toulouse nílẹ̀ Faransé, tó jẹ́ pé ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀ ló ń ṣe ìṣirò, ti rí i ní ọdún 1640 pé àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí jọ ọmọ ìyá kan náà. Ó gbà pé kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó ṣeé là, láti orí 3 lọ títí láé. Ó sọ ọ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú lẹ́tà, àmọ́ ó jẹ́wọ́ pé òun kò rí ẹ̀rí rẹ̀. Ó kú láì mọ̀ pé ẹ̀kẹfà gan-an ló máa já òun kulẹ̀.

Leonhard Euler ló tú àṣírí rẹ̀ ní ọdún 1732, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 25 tó ń ṣiṣẹ́ ní St. Petersburg nílẹ̀ Rọ́ṣíà. Ó ní 641 pín in dọ́gba:

641 × 6,700,417 = 4,294,967,297

Báwo ni èèyàn ṣe máa ń rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láì sí kọ̀ǹpútà? Kì í ṣe pé Euler jókòó tó ń dán gbogbo nọ́ńbà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó mọ̀, ó sì fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn lẹ́yìn náà, pé nọ́ńbà tí kò ṣeé là tó bá lè pín ẹ̀kẹfà yìí gbọ́dọ̀ ṣẹ́ ọ̀kan kù bí a bá fi 64 pín in. Èyí sọ iṣẹ́ náà di kékeré. A bẹ̀rẹ̀ láti 65, a ń fi 64 kún un: 65, 129, 193, 257, 321, 385, 449, 513, 577, 641. Ká yọ àwọn tó ṣeé là kúrò nínú wọn, ó ku 193, 257, 449, 577 àti 641. Mẹ́rin àkọ́kọ́ kọ̀, ìkarùn-ún wọlé. Iṣẹ́ ọ̀sán kan péré ni, lọ́wọ́ ẹni tó mọ ibi tó yẹ kó wá.

Àwọn tó wá lẹ́yìn Euler rí ọ̀nà tó tún yá ju ìyẹn lọ, tí a kò ní ṣe ìsọdipúpọ̀ gígùn kankan. Ẹni tó bá kánjú lè fo ìpínrọ̀ méjì tó tẹ̀ lé èyí, ṣùgbọ́n èmi ò mọ ibòmíràn tí "dín" ti ṣiṣẹ́ tó báyìí.

Ẹ ronú nípa aago. Lórí aago, 12 àti òdo jọ wà lójú kan náà ni, 13 sì padà di 1. Aago 11 wá jẹ́ òdo tó dín ọ̀kan. Ẹ jẹ́ ká ṣe aago tiwa, tó jẹ́ pé 641 ni yóò máa padà di òdo. Lórí aago yìí, 640 ni òdo tó dín ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ 640 jẹ́ 5 lọ́nà 128, ìyẹn 5 lọ́nà 2⁷. Nísinsìnyí, ká sọ 640 di púpọ̀ fúnra rẹ̀ títí yóò fi di mẹ́rin. Dín lọ́nà dín, lé ni. Dín lẹ́ẹ̀mẹrin náà á já sí lé. Nítorí náà 5⁴ lọ́nà 2²⁸ jẹ́ 1 lórí aago wa.

Àmọ́ 5⁴ jẹ́ 625. Ẹ wò ó pẹ̀lú etí Yorùbá: 641 tó dín 16 ni. Lórí aago wa, tí 641 ti jẹ́ òdo, 625 jẹ́ òdo tó dín 16, 16 sì jẹ́ 2⁴. Ká fi èyí rọ́pò rẹ̀: ohun tí a pè ní 5⁴ lọ́nà 2²⁸ ti di òdo tó dín 2³², a sì ti mọ̀ pé 1 ni. Tí òdo tó dín 2³² bá jẹ́ 1, a jẹ́ pé 2³² àti 1 papọ̀ jẹ́ òdo. Lórí aago 641, ohun tó bá jẹ́ òdo ni ohun tí 641 pín dọ́gba. 2³² àti 1 ni 4,294,967,297. Ó parí.

Nọ́ńbà inú ṣọ́ọ̀bù wá di èyí, kò sì sí èyí tó ṣeé là mọ́ nínú mẹ́jèèje:

3 × 5 × 17 × 257 × 641 × 65,537 × 6,700,417

Láti ibí, a lè mọ gbogbo nọ́ńbà tó lè pín in dọ́gba, láì dán ẹyọ kan wò. Ẹ mú èyí tó bá wù yín nínú mẹ́jèèje, kí ẹ fi èyí tó kù sílẹ̀, kí ẹ sọ àwọn tí ẹ mú di púpọ̀ pọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ mú un tàbí ẹ fi í sílẹ̀: ojú méje tó lè ṣí tàbí kó dé. 128 ni gbogbo wọn. Kò sí 7 níbẹ̀, kò sí 11, kò sí 13. Bí àwọn méje bá fẹ́ pín omi àbúrò mi, páálí kan á ṣẹ́ kù.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ìdajì àkọ́kọ́, 4,294,967,295, tó jẹ́ 3 × 5 × 17 × 257 × 65,537. Ní oṣù Kẹta ọdún 1796, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Jámánì kan, Carl Friedrich Gauss, ọmọ ọdún 18, fi hàn pé a lè fi rúlà tí kò ní àmì àti kọ́ńpáàsì nìkan ya àwòrán tó ní ẹ̀gbẹ́ 17 tó dọ́gba rẹ́gírẹ́gí. Láti ayé àwọn Gíríìkì àtijọ́ ni wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń ya ti ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta àti ti ẹ̀gbẹ́ márùn-ún, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ro ti 17. Ìwádìí Gauss, àti ti Pierre Wantzel tó parí ẹ̀rí náà ní 1837, sọ pé bí iye ẹ̀gbẹ́ kò bá ṣeé pín sí méjì, àwòrán náà ṣeé yà kìkì bí iye ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn nọ́ńbà ìdílé Fermat tí kò ṣeé là, tàbí púpọ̀ nínú wọn tí a sọ di púpọ̀ pọ̀ láì lo ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Márùn-ún péré nínú irú wọn ni aráyé mọ̀ títí dòní. Nítorí náà irú àwòrán bẹ́ẹ̀ tí a mọ̀ jẹ́ 31, èyí tó ní ẹ̀gbẹ́ jù lọ nínú wọn sì ní ẹ̀gbẹ́ 4,294,967,295. Ẹnikẹ́ni ò ní yà á láé. Ojú èèyàn ò tiẹ̀ lè mọ ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti òbìrípo. Ṣùgbọ́n ó ṣeé yà.

Aládùúgbò tó ya olóríkunkun

Ẹ bọ́ sí apá kejì ògiri. Nọ́ńbà tó dín ọ̀kan la ti ń tú. 2⁶⁴ fúnra rẹ̀ kò ní nǹkan kan nínú ju 2 lọ. Èyí tó lé ọ̀kan ńkọ́, 18,446,744,073,709,551,617?

Ọgbọ́n ọlọ́sàn kò wúlò mọ́. Nígbà tí ọsàn kan dín, ìlà kan tú, a sì rí nǹkan pín. Nígbà tí ọsàn kan bá lé, gbogbo ìlà ló ti pé, ọsàn kan ṣoṣo yẹn sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò ríbi wọ̀. Nọ́ńbà yìí náà jẹ́ ọmọ ìdílé Fermat, èyí tó tẹ̀ lé 4,294,967,297. Euler gan-an ò là á. Ọdún 1855 ni Thomas Clausen kọ ọ́ sínú lẹ́tà sí Gauss pé òun ti rí inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tàn ká. Ní 1880, Fortuné Landry, bàbá arúgbó ará Faransé tó ti lé ní 80 ọdún, tún là á láyè ara rẹ̀:

274,177 × 67,280,421,310,721

Nínú gbogbo ìtàn yìí, Landry ni mo fẹ́ràn jù. Láti ìgbà náà, àwọn tó tóbi jù ú lọ nínú ìdílé náà tí wọ́n ti yẹ̀ wò ti ń já sí èyí tó ṣeé là, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ẹnikẹ́ni ò tíì rí ìkẹfà tí kò ṣeé là, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni ò tíì fi ẹ̀rí hàn pé kò sí.

Kí ẹnì kan má sì rò pé gbogbo nọ́ńbà 2 tó dín ọ̀kan ló rọrùn là. 2³¹ ó dín ọ̀kan, 2,147,483,647, kò ṣeé là rárá. 2³¹ kò ṣeé tò ní ìlà tó dọ́gba pẹ̀lú ohun orí ìlà, nítorí 31 kò ṣeé pín sí méjì, ọlọ́sàn kò sì rí ibi tó máa ti bẹ̀rẹ̀. Euler náà ló fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn, ní 1772. Ẹ lè ti gbọ́ orúkọ nọ́ńbà yìí láì mọ̀: ní oṣù Kejìlá 2014, YouTube kéde pé iye àwọn tó wo fídíò olórin ará Kòríà kan, Psy, ti kọjá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ni iye tó ga jù tí òǹkà wọn lè kọ tẹ́lẹ̀. Wọ́n sọ òǹkà náà di olójú 64.

Ibòmíràn tó ti yọjú

Kọ̀ǹpútà kọ́ ló dá nọ́ńbà tiwa sílẹ̀. Ní ọ̀rúndún kẹtàlá, Ibn Khallikan ti kọ ìtàn ọlọ́gbọ́n tó ní kí ọba san èrè fún òun lórí pátákó ṣẹ́ẹ̀sì: ẹyọ àlìkámà kan lórí ojúlé àkọ́kọ́, méjì lórí èkejì, mẹ́rin lórí ẹ̀kẹta, títí dé ojúlé 64. Ọba rò pé nǹkan kékeré ni. 1 àti 2 jẹ́ 3, ìyẹn 4 ó dín ọ̀kan. Fi 4 kún un, ó di 7, ìyẹn 8 ó dín ọ̀kan. Bó ṣe máa rí títí dé òpin nìyẹn: gbogbo ohun tó ti wà lẹ́yìn máa ń fi ọ̀kan dín sí ohun tó ń bọ̀. Lórí ojúlé 64, ó di 2⁶⁴ ó dín ọ̀kan. Bí ẹyọ àlìkámà 25 bá wọn gíráàmù kan, yóò gba gbogbo oko àlìkámà tó wà láyé òde òní ní nǹkan bíi 900 ọdún láti san gbèsè ọba yẹn.

Édouard Lucas, ará Faransé, tún mú un jáde nínú eré ìdárayá tó tà ní 1883, ti àwo orí òpó mẹ́ta, tí a gbọ́dọ̀ kó gbogbo àwo láti orí òpó kan sí òmíràn láì gbé ńlá lé kékeré. Ìtàn tó fi ta á ni pé àwọn àlùfáà kan ń kó àwo wúrà 64, ayé á sì parí lọ́jọ́ tí wọ́n bá kó o tán. Iye ìgbà tí wọ́n máa gbé àwo ni nọ́ńbà tiwa. A ti rí iye ọdún rẹ̀ lókè, ẹ fọkàn balẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá ti wo mítà ọkọ̀ àtijọ́ mọ̀ pé bó bá dé 99999, tí ọkọ̀ tún rin kìlómítà kan sí i, gbogbo rẹ̀ á yí padà di 00000. Bí a bá wá lè yí mítà tó wà lórí 00000 padà sẹ́yìn ní ẹyọ kan, 99999 ló máa yọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí kọ̀ǹpútà àbúrò mi nìyẹn, kìkì pé ojú 64 ni mítà tirẹ̀ ní, ṣíṣí àti dídé ló sì mọ̀. Gbogbo ojú tó dé ló ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó kọ ètò náà ti sọ fún un pé iye ọjà kò lè jẹ́ gbèsè láé, nítorí náà ó ka ojú 64 tó ṣí gẹ́gẹ́ bí òkìtì ọjà. Ká ní wọ́n fún un láyè láti ka gbèsè ni, ojú 64 tó ṣí yẹn kan náà ni ì bá kà sí gbèsè páálí kan.

Mo ní kó wá ìwé ẹni tó já ọjà. Ó rí i, ó tẹ páálí tí wọ́n gbàgbé náà wọlé, ọ̀kan péré. Ojú àkọ́kọ́ dé, ó ti ọ̀kan sí èkejì. Èkejì dé, ó ti ọ̀kan sí ẹ̀kẹta. Bẹ́ẹ̀ títí dé ìkẹrìnlélọ́gọ́ta, tí kò rí ẹni tì í sí. Òdo padà sójú kọ̀ǹpútà, àbúrò mi sì lọ dá oníbàárà tó kàn lóhùn pé omi ti tán.